Ṣé ayé ni, àbí gààrí? Bí Dókítà Ọ̀ṣuntókun ṣe wá ìdí ẹsẹ̀ tó ń ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n àti etí tó ń di ní Ìjẹ̀bú

  Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn ná. Bí àgbàlagbà kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó mu ẹmu yó, bẹ́ẹ̀ kò fẹnu kan ọtí rí, kí ni ẹ máa ń pè é? Bí etí rẹ̀ bá tún di, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣe bàìbàì, ta ni ẹ máa ń dá lẹ́bi? Ẹ má wulẹ̀ tijú. Èmi náà mọ ìdáhùn. A máa ń sọ pé ayé ni.

Ó ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé tiwa náà. Ìyá tó bí màmá mi, abúlé kan tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n gbé títí ọlọ́jọ́ fi dé. Gààrí ni wọ́n ń yan tà, òun ni wọ́n fi tọ́ màmá mi àti àwọn àbúrò rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti máa ń lo họlidé. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn ń jó àwọn bí ẹni tó tẹ ata mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, bàtà á bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn, wọn ò ní mọ̀. Wọ́n á máa rìn lọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan, èmi ni mo máa ń sáré gbé bàtà náà tẹ̀ lé wọn.

Lójú ọ̀sán, wọ́n ṣì ń rìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń la ẹsẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń rìn nínú ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí NEPA bá mú iná lọ, gbì! wọ́n á ṣubú. Lẹ́yìn náà ni etí wá di. A óò pè wọ́n lẹ́ẹ̀marùn-ún kí wọ́n tó dáhùn.

Àwọn ará àdúgbò kọ́kọ́ ní ayé ló ń bá wọn jà. Nígbà tó ṣe, ọ̀rọ̀ yí padà. Wọ́n ní ìyá náà gan-an lẹ̀ ń wò yẹn, pé ẹ ò rí i pé òru ló máa ń ṣubú? Pé ibi tó ti lọ ṣèpàdé ló ti ń bọ̀. Bí àwọn oníbàárà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún gààrí wọn nìyẹn. Ìyá mi àgbà kú pẹ̀lú orúkọ burúkú yìí. Ohun tó dùn mí jù ni pé, dókítà kan ti ń béèrè ìbéèrè yìí gan-an ní ìlú tó wà nítòsí wa kí wọ́n tó bí màmá mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa.

TA NI Ọ̀ṢUNTÓKUN?

Ọmọ Èkìtì ni Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun. Ọdún 1935 ni wọ́n bí i. Ó ka ìwé ní Christ's School, Adó-Èkìtì, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ tó yàn láàyò ni àìsàn ọpọlọ àti ti àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn kiri ara. Ní 1970, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn. Láti 1985 títí di 1990, òun ni ọ̀gá àgbà ní ọsibítù UCH. Ó kú ní 1995, ẹni ọgọ́ta ọdún ni.

Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́ dókítà ní UCH, àwọn aláìsàn kan ń wá sọ́dọ̀ wọn ṣáá. Ẹsẹ̀ wọn ń jó wọn, wọn kì í mọ ibi tí ẹsẹ̀ wọn wà, wọ́n ń ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n, etí wọn ń di, ojú wọn ń ṣókùnkùn. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ ṣáájú ti rí irú rẹ̀. Ní nǹkan bí 1930 sí 1939, dókítà òyìnbó kan tó ń jẹ́ Moore rí àwọn ọmọ iléèwé tí ojú wọn ń bàjẹ́ níhìn-ín ní gúúsù Nàìjíríà. Ó ṣàkíyèsí pé tí àwọn ọmọ tó ń gbé iléèwé bá lọ họlidé sílé, ara wọn máa ń yá. Oúnjẹ ló fura sí. Dókítà Monekosso, ọmọ ilẹ̀ Kamẹrúùnù tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, náà wádìí rẹ̀. Ọ̀ṣuntókun wá gbé ọ̀rọ̀ náà lérí pátápátá. Ní 1968, ó tẹ ìròyìn ńlá kan jáde lórí aláìsàn 84.

ÀÀRÒ MẸ́TA KÌ Í DA ỌBẸ̀ NÙ

Kí ẹ tó lè mọ ohun tó ń wá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe ń dúró láìṣubú. Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ààrò mẹ́ta náà ló gbé àwa ènìyàn dúró.

Ààrò kìíní ni ojú. Ojú ló ń sọ fún wa bóyá ògiri dúró ṣánṣán tàbí ó tẹ̀.

Ààrò kejì ni etí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Nínú etí lọ́hùn-ún, lẹ́yìn èyí tí à ń fi ìyẹ́ ro, ohun kan wà tó ká kóńkó bí ìkarahun ìgbín, òun la fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni òrùka kéékèèké mẹ́ta wà tí omi wà nínú wọn. Bí orí bá yí, omi náà á rọ́, ọpọlọ á sì mọ ibi tí orí kọ sí. Ìdí nìyẹn tí ọmọdé tó bá ń pòòyì fi máa ń ṣubú nígbà tó bá dúró. Omi inú etí rẹ̀ kò tíì dúró ni.

Ààrò kẹta ni ẹsẹ̀. Láti àtẹ́lẹsẹ̀ àti oríkèé ni àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ ti ń gbé ìròyìn gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sí ọpọlọ, pé ilẹ̀ rèé, ilẹ̀ yìí le, ilẹ̀ yìí rọ̀.

Bí ààrò kan bá yẹ̀, èèyàn á gbìyànjú láti fi méjì tó kù dúró. Bí méjì bá yẹ̀, ìkòkò dà nù. Àwọn dókítà ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, láti ọ̀dọ̀ Romberg ará Jámánì láyé àtijọ́. Wọ́n á ní kí o pa ẹsẹ̀ pọ̀, kí o wá di ojú. Ẹni tí ìròyìn ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé ọpọlọ mọ́, ojú nìkan ló ń gbé e dúró. Bó bá ti di ojú báyìí, ó ń ṣubú lọ nìyẹn.

Nígbà tí mo gbọ́ èyí, omi bọ́ lójú mi. Ìyá mi àgbà kò lọ sí ìpàdé kankan. Ìgbà tí NEPA bá mú iná lọ ni ojú wọn kì í ríbi fi ran ẹsẹ̀ wọn lọ́wọ́. Ohun tó ń gbé wọn ṣubú lóru kò ju ìyẹn lọ.

BÍ ÌFURA ṢE DÉ ORÍ GÀÀRÍ

Ọ̀ṣuntókun béèrè lọ́wọ́ àwọn aláìsàn rẹ̀ pé kí ni wọ́n ń jẹ. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ tálákà. Ẹ̀gẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní pákí, ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, òun náà ni lálẹ́, ẹja àti ẹran kò sì tó nǹkan.

Ẹ̀yin tó ń ṣe gààrí kò nílò kí n kọ́ yín pé májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Ewúrẹ́ tó bá yó o máa ń kú. Sáyánáìdì ni wọ́n ń pe májèlé náà. Nígbà tí ẹ bá rin ẹ̀gẹ́, ohun tó wà nínú rẹ̀ á pò pọ̀, májèlé náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Tí ẹ bá dì í sínú àpò tí ẹ fi òkúta tẹ̀ ẹ́, omi rẹ̀ á gbé májèlé lọ. Tí ẹ bá jẹ́ kó kan dáadáa, tí ẹ sì wá yan án, èyí tó pọ̀ jù á bá èéfín lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ lè ṣẹ́ kù.

Bí èèyàn bá jẹ ìwọ̀nba yẹn, ara á tẹ̀ ẹ́ lórí ba, á sì sọ ọ́ di nǹkan mìíràn tó lè bá ìtọ̀ jáde. Nǹkan yìí ni Ọ̀ṣuntókun wá nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn, ó sì bá a lọ́pọ̀ yanturu. Nígbà tí wọ́n wà ní ọsibítù tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ ọsibítù, ó ń dínkù. Bí wọ́n bá padà sílé sídìí ẹ̀gẹ́, ó tún ń pọ̀ sí i. Kò jókòó sí Ìbàdàn nìkan o. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ abúlé lọ lápá Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú, ní 1969 wọ́n sì sọ àwọn ibi tí àìsàn náà ti pọ̀. Ọ̀sọsà wà nínú wọn, ìlú Hubert Ògúndé, ògbóǹtarìgì eléré tiwa.

Ní 1972, òun àti Hinchcliffe ará Lọ́ńdọ̀nù àti Adéùjà tẹ ìwádìí jáde lórí bí etí àwọn aláìsàn yìí ṣe ń gbọ́ràn sí. Etí tó di nínú àìsàn yìí kì í ṣe ti ìdọ̀tí tí a lè rò jáde. Inú lọ́hùn-ún, níbi tí iṣan wà, ni ó ti bàjẹ́.

Ó wá kù kí ó rí oògùn. Ó pín àwọn aláìsàn, ó fún wọn ní oríṣi fítámì B, ó sì ń wò wọ́n. Ó ṣe é ní 1970, ó tún un ṣe lọ́nà mìíràn ní 1974. Kò sí ìyàtọ̀ gidi. Ẹlòmíràn á fi irú èyí pamọ́ kí wọ́n má bàa fi í ṣẹ̀sín. Ọ̀ṣuntókun tẹ̀ ẹ́ jáde kí gbogbo ayé kà á. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ọkùnrin yìí nìyẹn.

WỌ́N PADÀ SÍ Ọ̀SỌSÀ

Ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, Dókítà Olúwọlé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ padà sí Ọ̀sọsà. Wọ́n ka gbogbo ará ìlú lójúlé sójúlé, wọ́n jẹ́ 4,583. Wọ́n yẹ èèyàn 3,428 wò, gbogbo àwọn tó ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Nínú wọn, 206 ló ní àìsàn yìí. Ẹ jẹ́ kí n là á bí owó ọjà: nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, mẹ́fà. Àwọn obìnrin ló pọ̀ jù, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì àwọn ọkùnrin. Ọdún 2000 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìyẹn ni pé ìyá mi àgbà kò dá nìkan wà. Ní gbogbo ìgbà tí a ń pè wọ́n ní àjẹ́, irú wọn wà ní ojúlé dé ojúlé.

Wọ́n tún ṣe ohun kan tí Ọ̀ṣuntókun kò rí àyè ṣe. Wọ́n mú àwọn tí ara wọn dá, wọ́n ju 3,000 lọ, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn fún ọdún méjì láti mọ ẹni tí àìsàn náà máa mú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi àwọn tó mú wé àwọn tí kò mú. Ṣé ẹ ń retí pé àwọn tó ń jẹ gààrí jù ló mú? Rárá o. Bí ti èkíní ṣe ń jẹ ẹ̀gẹ́ kò yàtọ̀ sí ti èkejì. Ní 2003, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó jọ pé sáyánáìdì inú gààrí kọ́ ló ń fa àìsàn yìí.

Ẹ̀yin oníṣòwò gààrí Ìjẹ̀bú, ẹ lè mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì jó o.

Ní Mòsáḿbíìkì ní 1981, òjò kò rọ̀, ebi dé. Àwọn èèyàn kò dúró kí ẹ̀gẹ́ kíkorò gbẹ dáadáa kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Ẹsẹ̀ èèyàn tó ju 1,000 lọ gan lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù. Àìsàn yẹn yàtọ̀ sí ti Ìjẹ̀bú, kónsò ni wọ́n ń pè é ní ilẹ̀ Kóńgò. Ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe parí ni wọ́n bá lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá yọ ọjọ́ kan kúrò nínú ọjọ́ tí gààrí yẹ kó fi kan, tìtorí pé ọjà ti tó, ewu ló ń tà.

Ní Kúbà pẹ̀lú, láàárín 1991 sí 1993, ojú, ẹsẹ̀ àti etí àwọn èèyàn tó ju 50,000 lọ bàjẹ́ lákòókò tí oúnjẹ wọ́n wọn. Nígbà tí ìjọba pín fítámì fún gbogbo ìlú, ó rọlẹ̀. Ẹ rí i pé ẹsẹ̀ tó ń jó àti etí tó ń di lè wá láti ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ.

TI ÌKÀRẸ́ NI WỌ́N RÍ MÚ

Kí ẹ má bàa sọ pé àwọn dókítà kì í rí nǹkan kan mú, ẹ gbọ́ ti òjò. Lọ́dọọdún, tí òjò bá ti ń rọ̀, àwọn kan nílẹ̀ Yorùbá á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọn ò ní lè dìde rìn, bí òjò bá dá, ó ti lọ. Ọ̀ṣuntókun kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1972, kò rí ìdí rẹ̀. Àfi ní 1993 ni Dókítà Bọ́lá Adámọ́lẹ́kún kọ̀wé pé kòkòrò kan ló wà ńbẹ̀, ọ̀kan nínú ìdílé àwọn kòkòrò tó ń hun òwú tí a fi ń ṣe aṣọ sányán. Orí igi arère ni wọ́n ti ń kó o, wọ́n ń yan án jẹ nígbà òjò. Kòkòrò náà ń ba fítámì B1 jẹ́ nínú ara, yíyan kò sì fi bẹ́ẹ̀ pa agbára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fún àwọn aláìsàn ní fítámì B1, ara wọn yá.

Ẹ ò rí i? Òun náà ni wọ́n ti ń pè ní ayé tẹ́lẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ẹni tí a kọ́kọ́ fura sí kọ́ ni olè. Àwa fura sí àjẹ́, a sì dá ẹjọ́ náà lójú ẹsẹ̀. Àwọn dókítà fura sí gààrí, ṣùgbọ́n wọn ò dá ẹjọ́. Wọ́n ṣe ìwádìí, wọ́n padà lọ yẹ ìwádìí ara wọn wò. Ọdún márùndínlógójì ló wà láàárín 1968 sí 2003. Wọ́n ṣì sọ pé àwọn kò tíì mọ olè náà.

KÍ NI KÁ WÁ ṢE?

Bí ẹsẹ̀ bá ń jó yín tàbí kò mọ ilẹ̀ mọ́, tí etí sì ń di, ẹ gba ọsibítù lọ. Òótọ́ ni pé kò tíì sí oògùn tó ń wo ti Ọ̀sọsà sàn. Ṣùgbọ́n àwọn àìsàn mìíràn wà tó jọ ọ́, tí wọ́n ní ìtọ́jú. Àtọ̀gbẹ máa ń pa iṣan ẹsẹ̀. Àìtó fítámì B12 náà ń ṣe é. Ìdọ̀tí nìkan lè di etí pa.

Ẹ ṣọ́ra fún abẹ́rẹ́ tí ẹ ń rà lọ́wọ́ kẹ́mísì láìsí ìwé dókítà. Streptomycin àti gentamicin ń wo àìsàn o, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gún un jù, wọ́n lè ba òrùka inú etí àti ìgbín rẹ̀ jẹ́, kò sì ní padà. Ẹ̀yin tó ń lu páànù, ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ, ẹ̀yin tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata, ariwo ojoojúmọ́ ń jẹ etí díẹ̀díẹ̀. Ẹ wá nǹkan bò ó.

Ẹ má jẹ gààrí nìkan lójoojúmọ́. Ẹ fi ẹ̀wà tì í, ẹ fi ẹja tàbí ẹyin tì í. Ìkọ́kọrẹ́ tí ewùrà wà nínú rẹ̀ kò tíì tán ní ilẹ̀ wa.

Bí irú ìyá mi àgbà bá wà nílé yín, ẹ tan àtùpà sí ẹnu ọ̀nà wọn lálẹ́. Ẹ wá ọ̀pá fún wọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dìde lókùnkùn láìsí ẹni tó dì wọ́n mú. Bí ẹ bá ń bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ wá síwájú wọn kí wọ́n lè rí ẹnu yín. Kò ná yín ní owó púpọ̀. Èmi ò mọ̀ nígbà náà, ni mi ò ṣe é.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ lọ ra gààrí lọ́wọ́ wọn.

Bí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ ládùúgbò yín, ẹ kọ̀wé sí wa. Àyè wà fún un lójú ewé lẹ́tà.